Ṣé O Mọ̀? Ojú Ọ̀nà Kóòtù Nílẹ̀ Lárúbáwá

Ṣé o mọ̀ pé ní Íjíbítì, ẹrù ìyàwó lè gbé ìyá ìyàwó dé ẹ̀wọ̀n? Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ owó á lọ ra fíríìjì, sítóòfù àti aṣọ ibùsùn láwìn fún ọmọ rẹ̀ tó ń relé ọkọ. Ọlọ́jà á ní kó fọwọ́ sí ìwé kan, èyí tó ní wọ́n fi owó pamọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, iye owó kò tilẹ̀ sí lórí ìwé ọ̀hún. Ọlọ́jà á kọ ọ́ sí i nígbà tó bá wù ú. Lọ́jọ́ tí ìyá náà kò bá rí owó san, ọ̀rọ̀ kúrò ní gbèsè, ó di pé ó jẹ owó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, òfin sì fàyè gba ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́ta fún ìyẹn. Irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n lórúkọ: gharimat. Àwọn aláàánú a máa dá owó jọ láti san gbèsè wọn kí wọ́n lè jáde, pàápàá nígbà ààwẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí kò ní iye lórí yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọlọ́jà.

Ṣé o mọ̀ pé Jọ́dánì fọwọ́ kan òfin fúnra rẹ̀? Láti ọdún 2022, gbèsè tí kò bá tó dínárì 5,000 kì í rán onígbèsè lẹ́wọ̀n mọ́ níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 2000, obìnrin ará Íjíbítì lè kọ ọkọ rẹ̀ ní kóòtù láìjẹ́ pé ó fi ẹ̀rí hàn pé ọkọ fìyà jẹ òun? Ó kàn máa dá owó orí padà ni, kó sì gbàgbé gbogbo owó tó tọ́ sí i. Olówó rí ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tí kò ní nǹkan kan ńkọ́? Ọdún 2004 ni wọ́n tó dá kóòtù ẹbí sílẹ̀, tí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, owó oúnjẹ àti ọmọ títọ́ fi wà lójú kan náà. Kó tó di ìgbà náà, ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀ àti ìrìn tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Abu Dhabi sọ èdè Híńdì di èdè kẹta ní kóòtù rẹ̀ lọ́dún 2019, lẹ́yìn Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì? Òṣìṣẹ́ ará Íńdíà tí ọ̀gá kò san owó fún lè ka fọ́ọ̀mù ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1959 ni Ìráàkì ti fi obìnrin, Zakia Hakki, jẹ adájọ́? Íjíbítì dúró di ọdún 2003 kí Tahani al-Gebali tó wọ Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀. Ní kóòtù tí aráàlú ti ń pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Cairo, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946, oṣù kẹta ọdún 2022 ni obìnrin kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́.

Kóòtù yìí kan náà ni Abd al-Razzaq al-Sanhuri jẹ́ olórí fún nígbà kan. Òun ló kọ òfin àdéhùn àti ohun ìní tí Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1949. Síríà gbà á, Líbíà gbà á, òun náà ló sì darí iṣẹ́ òfin Ìráàkì. Lóṣù kẹta ọdún 1954, àwọn jàǹdùkú ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì lù ú. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní òfin tó dára ni Lárúbáwá kò ní, ọkùnrin yìí ni mo máa ń rántí.

Ṣé o mọ̀ pé ní Mòrókò, nígbà tí àwọn tí ìjọba fìyà jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí lórí tẹlifíṣọ̀n lóṣù kejìlá ọdún 2004, wọn kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó fìyà jẹ wọ́n? Driss Benzekri tó darí ìgbìmọ̀ tó gba ẹ̀rí wọn ti lo ọdún 17 lẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀. Ní Tùnísíà, ìgbìmọ̀ tiwọn gba ẹ̀sùn tó lé ní 62,000. Ààrẹ Kais Saied sì lé adájọ́ 57 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù kẹfà ọdún 2022.

Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń so adájọ́ mọ́lẹ̀ láìlé e lọ? Lọ sí Bèírúùtù ní Lẹ́bánónì. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2020, ẹrù kẹ́míkà bú gbàmù ní èbúté, ó pa èèyàn tó lé ní 200. Adájọ́ Tarek Bitar, tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, pe àwọn òṣèlú ńlá wá jẹ́jọ́. Wọ́n pe òun náà lẹ́jọ́. Ní òfin Lẹ́bánónì, tí wọ́n bá ti ní kí adájọ́ yọwọ́, ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí kóòtù mìíràn yóò fi sọ̀rọ̀. Kóòtù mìíràn yẹn kò sì pé iye tó lè jókòó, torí àwọn adájọ́ ibẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó fi ẹlòmíràn dípò wọn. Lóṣù kìíní ọdún 2023, Bitar ní òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba fi ẹ̀sùn kan án, ó sì tú gbogbo àwọn 17 tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Ọdún 2025 ni iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Koblenz ní Jámánì ni wọ́n ti dá ẹjọ́ Anwar Raslan, ọ̀gá ọlọ́pàá inú ní Síríà? Ẹ̀wọ̀n gbére ni, lóṣù kìíní ọdún 2022. Èdè Jámánì ni wọ́n fi ń ṣe ẹjọ́ náà. Àfìgbà tí Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ Jámánì dá sí i kí àwọn oníròyìn Lárúbáwá tó rí ògbufọ̀ gbọ́.

Èyí tó kàn wá gan-an wà ní Lẹ́bánónì. Lóṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan gbé ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ síta lórí Facebook pé òun fẹ́ tà á ní dọ́là 1,000. Wọ́n mú un. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé òfin iṣẹ́ Lẹ́bánónì ti ọdún 1946 yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀ pátápátá? Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba gbé ìwé àdéhùn tuntun jáde fún wọn: ìsinmi ọ̀sẹ̀, kí pásípọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Oṣù tó tẹ̀ lé e, kóòtù dá a dúró. Àwọn tó ni iléeṣẹ́ tó ń kó ọmọ ọ̀dọ̀ wọ̀lú ló gbé e lọ síbẹ̀.