Kọ̀ǹpútà ń tú àṣírí iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń lo púlọ́ọ̀gì rí. Ọlọ́kadà tó ń gbé kòkó bọ̀ láti oko wá sí Odòde Ìdànrè mọ ìgbà tí ọ̀kadà rẹ̀ ń wúkọ́, ṣùgbọ́n kò lè fojú rí ibi tí epo ti ń jó.

Iná náà yára ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ. Bí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, epo á jó nígbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí táwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi gbé e lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Wọ́n á pín inú sìlíńdà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá kéékèèké, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò bí ooru, afẹ́fẹ́ àti epo ṣe ń yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1985 ni ilé ìwádìí Los Alamos l'Amẹ́ríkà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde, KIVA lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì yóò bá jẹ epo jù, wọ́n á ti mọ̀ kí wọ́n tó rọ irin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù kejì ọdún 2022. Ìgbà náà ni àjọ NMDPRA kéde pé wọ́n rí bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ọkọ̀ sì tò lọ bíi rẹ́rẹ nílé epo.

Methanol náà ń jó, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀. Kílò bẹntiróòlù kan ń fẹ́ nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán. Ti methanol kò ju bíi 6.4 lọ, agbára rẹ̀ kò sì ju bí ìdajì. Kabúrétọ̀ tí wọ́n ṣe fún bẹntiróòlù kò mọ ìyàtọ̀. Bí methanol bá ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju ohun tó ń jó lọ, agbára á dínkù. Ó tún ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin. Kọ̀ǹpútà lè ṣírò bí iná náà yóò ṣe jó láìba ọ̀kadà kankan jẹ́.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe babaláwo. Epo tí wọ́n bá sọ fún un ló ń ṣírò, kì í ṣe èyí tó wà nínú táńkì. Bí ìṣirò bá péye tí epo kò dáa, ẹni tó ń gun òkè Ìdànrè ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ti ọ̀kadà rẹ̀.