Pírójẹ́tọ̀ kékeré fẹ́ lé ńlá kúrò nílé: èrè ń bẹ, ewu náà ń bẹ!

Ẹni tó bá ní pírójẹ́tọ̀ ńlá nínú ilé l'Omifunfun, l'ọ̀nà Ore àti Odìgbò, á mọ̀ pé ìnáwó ló gbé sílé. Kó ṣì máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí gbẹ̀ǹgbẹ̀ yẹn ni, àbí kó lọ ra kékeré tó ṣeé gbé sọ́wọ́ kan? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun o. Àwọn ọ̀gá wa nídìí tíátà ti kọ́kọ́ bá a yí, ó sì sọ ẹnì kan nínú wọn di onígbèsè.

Nígbà tí olóògbé Hubert Ògúndé ṣe fíìmù 'Aiyé' ní 1979, kì í ṣe ohun téèyàn ń ki bọ àpò. Fíìmù 35mm tó gba wákàtí kan ààbọ̀, bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì ààbọ̀! Ríìlì bíi márùn-ún ni wọ́n máa ń ká a sí. Àwọn onítíátà fúnra wọn ló ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn tàbí ilé ìwé, wọ́n á dúró ti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gba owó wọlé.

Ìnira ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò wà níbẹ̀. Ta ló máa jí fíìmù tí kò ní ẹ̀rọ tó máa fi wò ó?

Àfi ìgbà tí fídíò dé. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tó ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, gbé 'Ọ̀run Móoru' jáde ní 1982. Ọlá Balógun ló darí ẹ̀. Owó ńlá ni Bàbá Sàlá ná, ó sì yáwó kún un. Ṣùgbọ́n kó tó jèrè ẹ̀, káṣẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti gba ìgboro kan. Ẹni tó ti wò ó ní pálọ̀, kí ló tún fẹ́ wá ṣe ní gbọ̀ngàn? Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá Sàlá fi ru ẹrù gbèsè náà. Oṣù Kẹwàá 2018 ló jáde láyé.

Nígbà tí ètò SAP tún dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ó di dandan kí wọ́n fi 35mm sílẹ̀, torí òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù. Àwọn kan gba 16mm tó kéré sí i, àwọn mìíràn kúkú bọ́ sídìí fídíò. Ní 1989, Kenneth Nnebue náwó sí 'Àjẹ́ Ni Ìyá Mi' ti Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, fídíò ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọdún 1992 lòun kan náà gbé 'Living in Bondage' jáde. Ohun tó pa ẹnì kan lẹ́kún ló sọ ẹlòmíì dolówó.

Ní báyìí, inú ilé ni ìjà ọ̀hún wà. Láti òpin oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tí kì í ka iye tí ẹ̀rọ ń jẹ. Pírójẹ́tọ̀ àtijọ́ tó ń lo gílóòbù máa ń jẹ iná bíi 300 watt. Kékeré tó ń lo LED lè má ju 75 lọ. Ká ní ẹ ní inverter pẹ̀lú bátìrì 100 Ah kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ sì fẹ́ lo ìdajì agbára ẹ̀ kó má bàa tètè bàjẹ́: ńlá ò ní lò tó wákàtí méjì, kékeré á ṣe bíi méje. Gílóòbù ti ńlá tún máa ń jó lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún wákàtí mélòó kan, LED a máa lo ogún ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má tíì sáré sanwó o! Iná ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan máa ń kọ lumen gọbọi sára páálí, iná ẹ̀ ò sì tó nǹkan. ANSI lumen ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án lójú yín lọ́sàn-án, kí wọ́n ṣí fèrèsé. Bó bá dúdú, ẹ sún un mọ́ ògiri: àwòrán tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, bí ẹ bá sọ ọ́ di mẹ́rin, iná ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ńlá tẹ́ ẹ ní ńkọ́? Ẹ má jù ú nù. Ọjọ́ ìnáwó, tí èrò bá kún àgbàlá, òun náà lẹ ó máa wá.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun mímì f'ádìẹ. Bàbá Sàlá mọ èyí kó tó dolóògbé.