Ta ni yóò túmọ̀ òfin fún àgbẹ̀?

Ní Yunifásítì Abomey-Calavi, ọdún 3 ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba Licence, ọdún 2 sí i fún Master. Ẹni tí ó fẹ́ di adájọ́ tún ní ìdánwò mìíràn níwájú. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ òfin ìwà ọ̀daràn níbẹ̀. Àgbẹ̀ Kétu tí ọlọ́pàá mú lè má gbọ́ ọ rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1990 ń dáàbò bò ó. Ẹsẹ 18 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà ní àtìmọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí adájọ́ tí a mú un dé iwájú rẹ̀ bá pàṣẹ. Ẹsẹ 40 ní kí Ìjọba fi èdè abínibí kọ́ aráàlú ní ẹ̀tọ́ wọn.

Níhìn-ín ni ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ tí ó gba oyè náà ti wúlò jù: kí ó ṣàlàyé ìwé fún ẹni tí wọ́n mú, kí onítọ̀hún tó tẹ̀ka sí i.