Àwọn Ìbejì Eléré Bọ́ọ̀lù

Ìwé kan wà tí ó ń jẹ́ The Crossover. Kwame Alexander, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Ó jáde ní ọdún 2014. Ní ọdún 2015, ó gba ẹ̀bùn Newbery, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Frères ni wọ́n pè é ní èdè náà.

Ta ni ìtàn náà ń sọ nípa rẹ̀?

Ìbejì ọkùnrin ni, Josh àti Jordan. JB ni wọ́n máa ń pe Jordan. Ọmọ ọdún 12 ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ Kétu tàbí Sábẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, à bá máa pè wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ìyá wọn jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Bàbá wọn ti fi eré báskẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ rí. Òun ni ó kọ́ wọn ní eré náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe eré báskẹ́ẹ̀tì?

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹni 5 wà ní apá kan, ẹni 5 wà ní apá kejì. Eléré ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí ó ti ń sáré. Ó fẹ́ jù ú sínú òrùka irin tí àwọ̀n so mọ́. Òrùka náà ga ju mítà 3 lọ!

Ọgbọ́n kan wà nínú eré yìí. Eléré yóò ṣe bí ẹni ń lọ sí ọ̀tún. Kíá, yóò gba bọ́ọ̀lù sí ọwọ́ òsì. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ ti lọ sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù ti gba òsì lọ! Ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń pè ní crossover. Josh mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Kí ni ó mú ìwé náà yàtọ̀?

Ewì ni gbogbo rẹ̀. Ìlà kan lè gùn, ìlà mìíràn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí bọ́ọ̀lù bá ń sáré, ọ̀rọ̀ náà ń sáré. Bí inú Josh bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń rọra lọ. Ẹni tí ó bá kà á sókè yóò gbọ́ ọ bí ìlù.

Ìjà àti àìsàn

JB ní ọ̀rẹ́ tuntun kan, ọmọbìnrin ni. Kò ráyè fún Josh mọ́. Inú bí Josh. Ní ọjọ́ kan, láàárín eré, ó fi gbogbo agbára ju bọ́ọ̀lù lu JB lójú. Ẹ̀jẹ̀ dà ní imú JB. Àwọn àgbà ní, "Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀." Ìyá wọn ní kí Josh má ṣeré mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Josh kọ lẹ́tà láti bẹ JB, ṣùgbọ́n JB kò tètè bá a sọ̀rọ̀.

Ní àkókò náà, bàbá wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn yìí kì í pariwo. Ó lè wà lára ènìyàn kí ara má dùn ún. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń we aṣọ kékeré mọ́ apá àgbàlagbà, tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ. Ìyá bẹ bàbá pé kí ó lọ rí dókítà. Bàbá kọ̀. Bàbá tirẹ̀ ti kú sí ilé ìwòsàn, ẹ̀rù ibẹ̀ sì ń bà á.

Nígbà tí ó yá, ó ṣubú níbi tí òun àti Josh ti ń ṣeré. Ọkàn rẹ̀ ni kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ ìdíje àṣekágbá, àìsàn náà tún kọlù ú. Ẹgbẹ́ Josh borí, ṣùgbọ́n bàbá wọn kú.

Bọ́ọ̀lù kan tó kù

Bàbá wọn ti ju bọ́ọ̀lù 50 sínú àwọ̀n rí, láìtàsé ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, Josh nìkan lọ sí pápá. Ó ju bọ́ọ̀lù 49, gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó ku ọ̀kan. JB dé. Josh kò ju èyí tó kù. Ó fún JB kí ó jù ú.

Ní ọjọ́ ìjà, Josh fi bọ́ọ̀lù lu JB. Ní ọjọ́ yìí, ó fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Ìbéèrè

1. Kí ni orúkọ àwọn ìbejì náà?
2. Kí ni ó dé tí inú fi bí Josh?
3. Kí ni ó dé tí bàbá wọn kò fẹ́ rí dókítà?
4. Kí ni ó dé tí Josh fi fún JB ní bọ́ọ̀lù tó kù?
5. Bí ìwọ àti ọmọ ìyá rẹ bá jà, kí ni ẹ máa ń ṣe láti parí ìjà?