Laptop Lè Kú Kí Hard Disk Rẹ̀ Má Kú: Ìlàlóye fún Àwọn Ará Òkè-Ọ̀dàn àti Agbègbè Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé àti ọ́fíìsì ní Òkè-Ọ̀dàn ló ní laptop àtijọ́ kan tó ti dákẹ́, tí wọ́n tì bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, èyí tí a rà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí tí wọ́n gbé wá láti Kútọnu. Bátìrì rẹ̀ kò gba iná mọ́, tàbí kí iná NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀ ti jó nǹkan nínú rẹ̀. Inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà, àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé, àti fọ́tò ìsìnkú ìyá àgbà, àti iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ tó ń lọ sí Poli Ìlaròó. Ohun tí ìwé yìí fẹ́ fi yé yín ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó sábà máa ń pa wọ́n run ni ohun tí a ṣe sí hard disk lẹ́yìn tí laptop ti kú.

Ọ̀tọ̀ ni laptop, ọ̀tọ̀ ni hard disk. Omi tó dà sórí kíbọ́ọ̀dù, sikirínì tó fọ́, bátìrì tó wú, iná tó ga jù: gbogbo èyí lè dá laptop dúró pátápátá láì kan hard disk rárá. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni, kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà. Ẹni tó mọṣẹ́ lè tú u jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó kì í bọ inú kéèsì tó ní okùn USB, kó sì fi kọ̀ǹpútà mìíràn kà á bí ẹni ń ka fláàṣì. Ẹ̀rí tó lágbára lórí èyí wá láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọkọ̀ Columbia tó ń bọ̀ láti òfuurufú fọ́ yángá lókè Texas ní oṣù kejì ọdún 2003, hard disk kan tó wà nínú rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀, ó jóná, ó sì wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rí i. Síbẹ̀, àwọn amọṣẹ́ ilé iṣẹ́ Kroll Ontrack rí nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà padà, ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lórí rẹ̀ sì jáde fáyé rí ní 2008. Kì í ṣe gbogbo hard disk ló máa ríire tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí tó já láti ojú ọ̀run bá ṣeé kà, kò yẹ kí a ju èyí tí iná NEPA dá dúró sí ààtàn láìjẹ́ pé ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ fáìlì tí a pa rẹ́. Kọ̀ǹpútà ní ìwé atọ́ka kan tó fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹ bá ní kó pa fáìlì rẹ́, orúkọ inú ìwé atọ́ka yẹn ló ń pa. Fáìlì gan-an ṣì wà níbi tó wà, bí àgbàdo tó wà nínú àká tí a kàn nu orúkọ ẹni tó ni ín kúrò lára ògiri. Format kíákíá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí nǹkan tuntun bá gba àyè rẹ̀ ló parun lóòótọ́. Títan ẹ̀rọ náà lásán ti tó láti kọ nǹkan tuntun sí i, nítorí Windows kì í sinmi. Nítorí náà, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì tan án mọ́. Ibi tí ọ̀ràn ti ń bàjẹ́ jù ni ṣọ́ọ̀bù. A gbé laptop fún atúnṣe, ó format rẹ̀, ó fi Windows tuntun sí i, ó ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Laptop la ní kó tún ṣe, a ò sọ fún un pé àkọsílẹ̀ là ń wá. Iṣẹ́ méjì ni, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ fẹ́ kó tó fọwọ́ kan ìdè kan ṣoṣo. Atúnṣe tó mọ̀ ọ́n yóò kọ́kọ́ da gbogbo hard disk náà kọ sórí òmíràn, kó tó máa wá fáìlì nínú ẹ̀dà yẹn. Ọ̀fẹ́ ni àwọn irinṣẹ́ tó wúlò jù fún èyí: ddrescue fún dídà á kọ, TestDisk àti PhotoRec fún wíwá a.

Àwọn kan yóò ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé ó wọ́n bí hard disk náà fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́. Ojú àwo tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà àádọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni orí tó ń kà á ti ń ṣiṣẹ́, láì fara kàn án, àlàfo àárín wọn sì kéré ju ekuru lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń ró kọ̀ọ́-kọ̀ọ́-kọ̀ọ́, ẹ yọ iná lára rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún gbìyànjú ló lè ha àwo náà. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí i lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì gbé e sínú fìríìsà bí àwọn kan ti ń dámọ̀ràn, nítorí ìrì yóò sẹ̀ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ laptop tó kú kò dé ibi yìí. Kéèsì USB kò wọ́n, a sì lè yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lò. Ibi tí àtakò yìí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni laptop tó bá ń lo SSD, ìyẹn disk tí kò ní àwo tó ń yí, nítorí SSD sábà máa ń nu ohun tí a pa rẹ́ fúnra rẹ̀ láìpẹ́, àti èyí tí BitLocker, àgádágodo inú Windows, bá ti tì pa. Láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 48, kò sí atúnṣe tó lè ṣí i. Ẹ wò ó nínú àkáǹtì Microsoft yín, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Ohun kan náà tó ń gba àkọsílẹ̀ là ló ń fi í hàn fún àjèjì. Ní 2003, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat ní Amẹ́ríkà jáde pẹ̀lú ìwádìí lórí hard disk àlòkù 158 tí wọ́n rà; 129 nínú wọn ṣiṣẹ́, 12 péré ni wọ́n nù dáadáa, wọ́n sì rí nọ́ńbà káàdì ìrajà tó lé ní 5,000 nínú wọn. Ní 2005, àjọ Basel Action Network ra hard disk àlòkù ní Èkó, wọ́n sì rí ìwé ọ́fíìsì àwọn ará òkè òkun nínú wọn. Ní Ghana lọ́dún 2009, ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ Northrop Grumman pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà wà nínú ọ̀kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akọ̀ròyìn rà. Ẹ lè ní kò sí àṣírí kankan nínú ti yín. Àmọ́ ẹ̀dà káàdì NIN wà níbẹ̀, BVN wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ lówó náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn kọ́ sì ni ti yín.

Òfin ààbò àkọsílẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023 gbé e lé ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ lọ́rùn láti dáàbò bo ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ aráàlú. Bí ó bá já sọ́wọ́ àjèjì, tó sì lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, létí. Kí ẹ tó ta laptop, tàbí kí ẹ tó fi tọrẹ, ẹ da ẹ̀dà ohun tí ẹ fẹ́ kọ síbòmíràn, kí ẹ sì kọ nǹkan lé gbogbo hard disk náà lórí pátápátá; ẹ̀ẹ̀kan tó fún hard disk òde òní. Fún SSD, irinṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é pèsè ni kí ẹ lò. Hard disk tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ dá àwo inú rẹ̀ lu. Tó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, kí ẹni tó ṣe é kọ nọ́ńbà tó wà lára hard disk náà sínú ìwé ẹrù, àti ọjọ́ tí wọ́n nù ún, kó sì buwọ́ lù ú.