Orin Tí Ó Wọ Inú Eré

Kí ẹ̀rọ tó dé ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ láti Igbókòdá lọ sí àwọn ìlú etí òkun. Bí ọ̀nà bá jìn, àwọn atukọ̀ a máa kọrin kí apá wọn lè máa lọ pọ̀. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ náà mọ ẹni tí orin ń bá wí, ó sì mọ ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n bí orin bá bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ohùn rẹ̀ lè dé ibẹ̀ kí ìtàn rẹ̀ má dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀kan nínú àwọn orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì.

Géèmù ni eré tí a ń ṣe lójú ẹ̀rọ, bíi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Nínú àwọn kan, bíi Guitar Hero tí ó jáde ní 2005, orin gan-an ni eré: ẹni tí ń ṣe é yóò máa tẹ ohun kan tí ó jọ gìtá bí orin ti ń lọ. Ọ̀nà mìíràn ni orin gbà wọ Grand Theft Auto IV, tí ó jáde ní 2008. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe eré yìí fún, nítorí ìwà ipá pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ń ṣe é bá wọ mọ́tò ní ìlú inú eré náà, ó lè tan rédíò. IF99 ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ibẹ̀. Fẹ́mi Kútì, ọmọ Fẹlá, ni atọ́kùn rẹ̀, orin bàbá rẹ̀ kan sì ń dún níbẹ̀: “Sorrow, Tears and Blood,” èyí ni Ìbànújẹ́, Omijé àti Ẹ̀jẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Ní 1976, Fẹlá gbé “Zombie” jáde, ó fi í bú àwọn ọmọ ogun pé wọn kì í ronú, àṣẹ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, 1977, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ya bo ilé rẹ̀, Kalakuta, ní Ìdí-Òrò ní Èkó. Wọ́n lu àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, sísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Obìnrin yìí ni ó ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ owó orí ní àwọn ọdún 1940. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò títí ó fi kú ní 1978.

Lẹ́yìn ìkọlù yìí, ní 1977 kan náà, ni “Sorrow, Tears and Blood” jáde. Pijin ni Fẹlá fi kọ ọ́, kí ẹni tí kò kàwé lè gbọ́. Ìlù rẹ̀ ń fa ènìyàn sí ijó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ijó. Ó sọ bí àwọn ènìyàn ti ń sá kiri, àti ohun tí àwọn agbófinró ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí àwọn tí a ń nà: ó ní ẹ̀rù ń bà wọ́n láti jà fún òmìnira, wọ́n ń fi òbí, ọmọ àti ilé ṣe àwáwí. Ìbáwí náà le, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ ti pàdánù ilé tirẹ̀, ìyá tirẹ̀ sì ti fara gbọgbẹ́.

Nínú géèmù, ẹni tí ó bá kú yóò dìde, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní Ìdí-Òrò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ orin náà ní ìlú òkèèrè lè mi orí sí i kí ó sì kọjá lọ. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó gbọ́ pijin, tí ó sì ní àgbà nílé tí ó rántí ọdún 1977, kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Kí ó béèrè ìtàn orin náà, kí ó sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ohùn ti ṣáájú dé èbúté. Ó ku kí ìtàn bá a níbẹ̀.