Ìtẹ́lẹ̀ Àpáàdì, Kì í Ṣe Ọ̀nà Àpáàdì

Lábẹ́ ìlú Ilé-Ifẹ̀ tòní ni a ti rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì ṣe. Láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni a ka èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí. A kò to àpáàdì náà sùn sílẹ̀ bí ẹní. Ní ìdúró ni a rì í mọ́lẹ̀, ọ̀kan ti èkejì, títí ilẹ̀ fi le gbagidi. Nígbà mìíràn ẹsẹ rẹ̀ a dagun sí ara wọn bí egungun ẹja. Àpáàdì tí òwe mọ̀ pé ó lè kojú iná wá ń kojú òjò àti ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ó rọrùn láti pè é ní 'ọ̀nà àpáàdì'. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ti ìpè yìí lẹ́yìn: a ní Lúwo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, kórìíra ẹrẹ̀, ó sì pàṣẹ kí a fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà. Lóòótọ́, lójú ọ̀nà tí àgbàrá ti wọ́ ni àpáàdì náà ti máa ń yọjú lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tòní kò fi dandan jẹ́ ọ̀nà àtijọ́. Àgbàrá kò mọ ibi tí ògiri wà nígbà náà.

Ní Ìta Yemòó, níbi tí Frank Willett ti bẹ̀rẹ̀ sí walẹ̀ ní 1957, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìkòkò tí a rì mọ́ àárín àpáàdì, wọ́n sì rí ojúbọ. Ohun tí Peter Garlake kọ jáde ní 1974 àti 1977 lórí ìwalẹ̀ tirẹ̀ ní Ifẹ̀ tọ́ka síbì kan náà: àgbàlá ilé ni, kì í ṣe títì. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ní 'ọ̀nà àpáàdì' ti sọ ojúbọ di ibi tí èrò ń gbà kọjá.

'Ìtẹ́lẹ̀ àpáàdì' ni ọ̀rọ̀ ìperí tó yẹ. Kò sọ ohun tí a lo ilẹ̀ náà fún kí a tó mọ̀ ọ́n. Ó sì lè bá irú rẹ̀ tí a rí ní Bìní, ní Kétu àti ní Tógò mu. Ẹnìkan lè ṣàtakò pé ohun tó sùn ni à ń tẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdúró ni àpáàdì wà. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n odidi ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ìńtálọ́ọ̀kì iwájú ilé ní Ifọ̀ pàápàá, a kì í bi í bóyá ó sùn tàbí ó dúró kí a tó ní a tẹ́ ẹ.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín ju ibòmíràn lọ. Bí ògbufọ̀ bá kọ 'ona' lásán, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ọnà egungun ẹja ni à ń sọ, tàbí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀.